Fífi Ipá Mú Kọ̀ǹpútà Sáré

Ìyára jẹ́ ohun tí ó máa ń wu ọmọ ènìyàn, àgàgà èwe. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ a fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ òun ṣáájú ti ẹgbẹ́ rẹ̀; ẹni tí ó ra ọkọ̀ a fẹ́ mọ ibi tí eré rẹ̀ lè dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kì í pẹ́ tí wọ́n bá ti mọ ẹ̀rọ náà í lò tí wọn yóò fi gbọ́ pé ọgbọ́n kan wà tí a fi lè mú un sáré ju bí àwọn tí ó ṣe é ti fi lélẹ̀ lọ. Ọgbọ́n yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní overclocking. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni pé ọrọ̀ ọ̀fẹ́ ni. Àwọn mìíràn ń bú u bí ẹni pé iṣẹ́ apanirun ni. Ìhà méjèèjì ni ó ṣì í. Ọgbọ́n náà dára fún ẹni tí ó mọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Prósẹ́sọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, nígbà tí ó jẹ́ pé RAM ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń pè ní ìyára prósẹ́sọ̀. Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà; òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Nínú ẹ̀rọ náà, aago kan wà tí ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo; èyí ni à ń pè ní 100 MHz. Prósẹ́sọ̀ a máa fi nọ́ńbà kan tí a yàn fún un sọ lílù yìí di púpọ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 36, ìyára prósẹ́sọ̀ yóò jẹ́ 100 lọ́nà 36, èyí tí í ṣe 3,600 MHz, tàbí 3.6 GHz. Ẹni tí ó bá sọ 36 di 40 ti sọ ìyára náà di 4.0 GHz. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju pé kí ènìyàn wọ inú BIOS lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, kí ó sì yí nọ́ńbà kan padà. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó ń tan olùbẹ̀rẹ̀ jẹ.

Ìdí tí ọgbọ́n náà fi ṣeé ṣe ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kì í ta prósẹ́sọ̀ ní góńgó agbára rẹ̀. Bí iṣu inú oko kan náà kì í ti í tóbi dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn prósẹ́sọ̀ tí a gé lára àwo sílíkónì kan náà kì í lágbára dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ a dán wọn wò, a ṣà wọ́n sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, a sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìyára tí èyí tí ó rọ jù nínú rẹ̀ yóò lè rù láìṣàárẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó lágbára nínú ọ̀wọ́ náà ní àjẹṣẹ́kù agbára lára.

Ìtàn sì jẹ́rìí sí i pé àwọn kan ti jèrè níbẹ̀. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel gbé prósẹ́sọ̀ kan tí ń jẹ́ Celeron 300A jáde. Aago 66 MHz ni ó ń lò, nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4.5, ìyára rẹ̀ wá di 300 MHz. Àwọn tí ojú wọn là sọ aago náà di 100 MHz. Ìyára rẹ̀ sì di 450 MHz lọ́gán. Prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú yìí wá ń bá Pentium II tí owó rẹ̀ ga fíofío figagbága. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2011, Intel tún gbé Core i5-2500K jáde. Ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.3 GHz, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rà á sì mú un dé 4.5 GHz. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí èrè nínú ọgbọ́n yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò gbọ́ ìtàn náà dé ìdí.

Àmọ́ ṣá, ìgbà ò lọ bí òréré. Àjẹṣẹ́kù tí àwọn ará ìgbà náà rí jẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń bù ú fún olùrà lónìí. Ẹ̀rí kan ni Ryzen 5 3600, tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé jáde ní ọdún 2019. Ọpọlọ kéékèèké mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.6 GHz, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá fúyẹ́ tí ooru kò sì pọ̀, yóò fúnra rẹ̀ gbéra dé 4.2 GHz láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án. Bí iṣẹ́ bá wúwo, yóò rọra dín eré kù. Ẹni tí ó bá wá fi ipá so ọpọlọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ 4.1 GHz lè rí èrè díẹ̀ nínú iṣẹ́ wúwo, ṣùgbọ́n ó ti pàdánù 4.2 GHz tí ẹ̀rọ náà ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nínú iṣẹ́ tí ọpọlọ kan ṣoṣo ń ṣe. Ó rí ọ̀kan gbà, ó sì sọ òmíràn nù.

Owó tí ènìyàn ń san fún ìyára àfipáwá ni ooru. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga lè ṣe lọ. Ooru inú prósẹ́sọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ máa ń pọ̀ sí i bí ìyára rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i; ṣùgbọ́n bí a bá fi kún fóltéèjì, ìyẹn agbára tí ń ti iná mànàmáná wọ inú rẹ̀, ooru kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń pọ̀, nítorí pé a ó sọ iye fóltéèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni prósẹ́sọ̀ kì í sáábà gbà láti sáré púpọ̀ láìjẹ́ pé a fi kún fóltéèjì rẹ̀. Bí a bá mú prósẹ́sọ̀ kan láti 3.6 GHz dé 4.2 GHz, tí a sì mú fóltéèjì rẹ̀ láti 1.2 dé 1.4, ìdá kan nínú mẹ́fà ni a fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru tí ó jẹ́ wáàtì 100 tẹ́lẹ̀ yóò di bí 159. Iṣẹ́ tí ó ń gba ìṣẹ́jú 10 yóò wá gba ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34. Ooru fi ohun tí ó ju ìlàjì lọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àkókò tí a rí fi pamọ́ kò pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ náà ṣe kí ó tó ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá kan ilẹ̀ wa ní pàtàkì. Irin tí ń fa ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀ àti fáànù tí ń fẹ́ sí i kò lè sọ ọ́ di tútù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí wọ́n bá lè ṣe é kí prósẹ́sọ̀ fi ìwọ̀n 50 gbóná ju yàrá lọ, nínú yàrá tútù kan ní ìlú Òyìnbó tí ó wà ní ìwọ̀n 22, prósẹ́sọ̀ náà yóò wà ní 72. Ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, ní oṣù Ẹrẹ́nà, nínú yàrá tí ó wà ní ìwọ̀n 33, ẹ̀rọ kan náà yóò wà ní 83. Ìwọ̀n 95 ni òpin tí AMD fi fún Ryzen 5 3600. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, yóò dín eré ara rẹ̀ kù láti fi gba ara rẹ̀ là. Kí á má tíì sọ ti eruku ọyẹ́ tí ń dí àárín irin náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ohun tí ará ìlú òtútù ṣe, tí ó sì ṣe é gẹ́lẹ́ nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó da aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé fóltéèjì kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹ kí ó là á lójú. Ní ọdún 2023, àwọn prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 kan jóná mọ́ orí mọ́dábọ́ọ̀dù. AMD ní láti pàṣẹ pé fóltéèjì apá kan nínú prósẹ́sọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá 1.3 mọ́. Ní ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ń ba àwọn kan nínú prósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀ jẹ́, pé èyí tí ó bá sì ti bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Ó fi ọdún méjì kún àkókò tí yóò fi máa gba èyí tí ó bàjẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Bí àwọn tí ó dá ẹ̀rọ bá lè ṣi fóltéèjì lò, kí ni ti ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọ BIOS lánàá? Òun sì nìyí, kò ní rí ẹni gba tirẹ̀ padà, nítorí pé ohun tí ó bá bàjẹ́ nípa fífi ipá mú un kọjá ìwọ̀n kì í sí nínú àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ bá olùrà ṣe.

Síbẹ̀, jíjóná kọ́ ni ewu tí ó burú jù. Prósẹ́sọ̀ tí ó jóná ti kú, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó kú. Ewu tí ó burú jù ni ti prósẹ́sọ̀ tàbí RAM tí a mú kọjá agbára rẹ̀ díẹ̀, tí kò kú, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣi ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fáìlì yóò bàjẹ́ láìsí ariwo. Nọ́ńbà kan yóò yí padà nínú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù mẹ́fà kọ kò ní ṣí mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ gbé e fún olùkọ́. Olè tí ó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé sàn ju èyí tí ń jí owó mú díẹ̀díẹ̀ nínú àpò ẹni, nítorí pé a kì í tètè mọ èyí ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń dán kọ̀ǹpútà tí ìdílé, ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ ń lò wò fi ń fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Kí ni ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe? RAM ni ó yẹ kí ó kọjú sí. Prósẹ́sọ̀ dà bí bíríkìlà, RAM sì dà bí lébìrà tí ń gbé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì fún un. Bí ọwọ́ bíríkìlà ti wù kí ó yá tó, bí lébìrà bá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, bíríkìlà yóò kàn dúró ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ra RAM oríṣi DDR4 tí a kọ 3200 sí lára, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 2133 tàbí 2400 láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, nítorí pé ìwọ̀n ìpìlẹ̀ ni mọ́dábọ́ọ̀dù máa ń kọ́kọ́ fún un. Wọ́n ti sanwó eré, wọn kò sì gba eré. Ohun tí yóò mú un dé ibi tí a kọ sí i lára ni pé kí a tan ìlànà kan nínú BIOS tí ń jẹ́ XMP. Èyí tí AMD ṣe fún DDR5 ń jẹ́ EXPO. Olùtà RAM fúnra rẹ̀ ni ó ti dán ìlànà yìí wò, ó sì ti kọ iye fóltéèjì rẹ̀ sínú rẹ̀. Olùbẹ̀rẹ̀ kò ní í fi orí ara rẹ̀ wá nọ́ńbà kankan. Òótọ́ ni pé èyí náà ju ìwọ̀n ìpìlẹ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ kí a dán an wò; ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹni tí ń fi ojú díwọ̀n fóltéèjì prósẹ́sọ̀.

Nọ́ńbà tí ó tóbi nìkan kọ́ ni ó sì ń sọ bí RAM ti yá tó. Iye ìgbà tí aago yóò lù kí RAM tó dáhùn wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, òun ni a ń kọ bí CL. Aago RAM 3200 ń lù ní 1600 MHz; bí ó bá jẹ́ CL16, yóò dáhùn láàárín náánósẹ́kọ́ńdì 10, ìyẹn ni pé kí a pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan kí a sì mú 10 níbẹ̀. Aago RAM 3600 ń lù ní 1800 MHz; bí ó bá jẹ́ CL18, náánósẹ́kọ́ńdì 10 náà ni. Ṣùgbọ́n 2133 tí ó jẹ́ CL15 yóò dúró di náánósẹ́kọ́ńdì 14. CL rẹ̀ ni ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ òun ni ó pẹ́ jù. Ẹni tí kò bá ṣírò yóò rò pé òun ni ó yá jù.

Ìbáramu tún ju ìyára lọ. Bí ènìyàn méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó wọn gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn mu. Bí ọ̀kan bá ń yára ju èkejì lọ, wọn yóò forí ọmọ odó gbá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú Ryzen 5 3600. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láàárín àwọn ẹ̀yà prósẹ́sọ̀ náà ní aago tirẹ̀, aago yìí sì fẹ́ máa bá ti RAM lù pọ̀. Bí RAM bá jẹ́ 3600, méjèèjì yóò máa lù ní 1800 MHz, iṣẹ́ yóò sì dán. Bí ènìyàn bá náwó lé e, tí ó ra 4000, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà tí ń darí RAM yóò já sí ìlàjì eré, ọ̀rọ̀ yóò sì máa pẹ́ lọ́nà. Èyí tí ó wọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ́ra ju èyí tí kò wọ́n lọ. Bákan náà, bí a bá fi RAM 2666 kan ti 3200 kan, 2666 ni àwọn méjèèjì yóò máa sá, nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ni ó ń pinnu eré àwọn tí a so pọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ń lò, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì ìlú òkèèrè ti lò tì. Prósẹ́sọ̀ Intel tí ó sáábà wà nínú irú wọn kò ní lẹ́tà K lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé yí sókè. BIOS wọn náà kì í fún ènìyàn láyè. Kò sí ohun tí ó kan olówó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fífi ipá mú prósẹ́sọ̀ sáré. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ RAM kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, kí ó ra èkejì tí oríṣi rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìyára rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ó sì fi í sí ihò tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yóò wá máa gbà dípò ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Èrè tí kò fi ooru pa ẹ̀rọ lára nìyí.

Àwọn kan yóò wí pé bí ọ̀dọ́ kò bá fi ọwọ́ kan nǹkan, báwo ni yóò ti ṣe mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ yí nọ́ńbà kan, tí ó wo ooru tí ó tẹ̀lé e, tí ó sì ṣírò èrè rẹ̀, ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì tí kò ní gbàgbé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Kí ó gbá eruku kúrò lára fáànù. Kí ó wọn ìyára àti ooru ẹ̀rọ náà kí ó tó yí ohunkóhun, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó má ṣe yí ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí àfikún rẹ̀ sì máa jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi MemTest86 dán RAM wò, kí ó sì fi Prime95 dán prósẹ́sọ̀ wò fún wákàtí púpọ̀; bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá yọjú, kí ó padà sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ láti jí, kí ó pa á, kí ó yọ wáyà iná, kí ó sì yọ bátìrì róbótó tí ó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. BIOS yóò gbàgbé ohun tí a kọ sí i, yóò sì padà sí ìpìlẹ̀. Ní ti fóltéèjì prósẹ́sọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ títí tí òye rẹ̀ yóò fi kún.

Ẹni tí ó bá ṣe báyìí lè wá rí i níkẹyìn pé èrè tí ó wà nínú fífi ipá mú prósẹ́sọ̀ òun sáré kò tó nǹkan, kí ó sì dá a padà sí bí ó ti wà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ó ti mọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe, ó sì mọ ìdí rẹ̀, èyí tí ẹni tí ń fi nọ́ńbà ńlá yangàn láàárín ẹgbẹ́ kò mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.